Ọkọ̀ Jámánì Tí Kò Ní Òrùlé

"Yà sí ọ̀tún! Toheeb, ọ̀tún ni mo wí!"

"Ọ̀tún náà ni mo yà sí, ẹ̀gbọ́n!"

"Ó dáa. Dúró sábẹ́ igi yẹn. Má mira. Wọ́n ń bọ̀."

Bàlúù mẹ́ta yọ lókè, nínú kọ̀ǹpútà. Olúsànmí jẹ́ kí ti iwájú kọjá. Ó gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀díẹ̀, ó di èémí mú, ó sì yìn ín. Apá bàlúù kejì já kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta fẹ́ yà fún un, kò ráyè yà, ló bá lọ forí sọ ọ́, àwọn méjèèjì gbiná, wọ́n já sínú oko. Ẹnì kan bẹ́ jáde nínú iná náà, ara tirẹ̀ náà ń jó. Olúsànmí yí ẹnu ìbọn sí i, ó sì pa á kó tó dé ilẹ̀.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà?" Toheeb bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ti ń kú lọ!"

"Ẹni tó bá ń jóná, àánú ni kéèyàn tètè pa á," Olúsànmí dáhùn. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú oṣù Ọ̀wàrà, ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Olúsànmí ní Odode, lójú ọ̀nà tó lọ síbi àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Bọ́ọ̀lù inú géèmù ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń gbá. Wọn a máa pariwo, wọn a máa bú ara wọn níyàá, wọn a sì jọ mu mínírà kan náà tán. Olúsànmí ní tirẹ̀, ogun ló ń jà. Kọ̀ǹpútà méjì wà ní igun yàrá tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Òun á jókòó ti ọ̀kan, Toheeb á jókòó ti ìkejì, wọn a sì gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo jáde. Èèyàn méjì ló ń lò ó: ẹnì kan ń wà á, ẹnì kejì ń yìnbọn.

Ọkọ̀ ọ̀hún kò wu ẹnikẹ́ni. Géèmù náà kún fún oríṣiríṣi ọkọ̀ ogun onírin tí ọta kì í wọ̀, èyí tí Olúsànmí sì ṣà nínú gbogbo wọn ni ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Jámánì, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nígbà tí bàlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun ìjà, tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọn ó fi já a bọ́. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni. Wọ́n kàn gbé ìbọn ńlá lé e lẹ́yìn, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ọ̀run. Kò ní òrùlé, kò ní irin tó bo ẹnikẹ́ni, kò sì lè sáré. Ẹni tó ń yìnbọn dúró gbangba lẹ́yìn ọkọ̀, àyà rẹ̀ sí ìta. Toheeb máa ń sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, láti oṣù méjì tí wọ́n ti ń lò ó, ọkọ̀ náà kò tíì jóná rí. Olúsànmí kì í jẹ́ kó jó. Bó bá ti rí i pé ewu pọ̀, á ní kí Toheeb wà á sá, ìbáà jẹ́ pé wọn ó pàdánù ogun náà. Ohun kan ṣoṣo ni Toheeb ti bẹ̀ ẹ́ títí tí kò gbà: kí àwọn pààrọ̀ ipò, kí òun náà yìnbọn lẹ́ẹ̀kan péré.

"Èmi kì í wakọ̀," lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́.

Irọ́ gbuu ni. Awakọ̀ ni nínú iṣẹ́ ológun. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Bọ̀rnó, òun ló wa ọkọ̀ tí wọ́n gbé ìbọn lé lẹ́yìn, tí Babárìndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, sì dúró sídìí ìbọn. Olúsànmí nìkan ló padà wálé. Gbogbo Odode sọ ọ́ di Sójà, ìjọ Aládùúrà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sì ṣe ìdúpẹ́ fún un tayọ̀tayọ̀. Ìyá Babárìndé, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì náà, kò bi í ní ju ìbéèrè kan lọ: ṣé ọmọ òun nìkan ló wà nígbà tó kú? Olúsànmí ní rárá o, àyà òun ló kú sí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí ti gbà á lọ́mọ. Yàrá tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nínú ilé náà, ìyá ló fún un.

Toheeb ní tirẹ̀, ọmọ Ìkirè ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Òun ló ń bá ìyá náà ṣe oko kòkó rẹ̀ ní Atosin, wọn a sì pín ohun tí oko bá mú wá. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni, iṣẹ́ kì í sú u. Kòkó tó gbé wá láti oko lọ́sẹ̀ náà wà níta, lórí pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà níwájú ilé, oòrùn ń pa á lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo la kọrí sí báyìí?"

"Gba orí afárá kọjá. Ojú ọ̀run mọ́. Tètè, kí wọ́n tó tún dé."

Ọkọ̀ Jámánì náà gun orí afárá. Ó dé àárín rẹ̀ gan-an nígbà tí igbe ta níta. Àjàgbé, onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló ké.

"Òjò o! Kòkó o! Òjò ti ṣú dé o!"

Ẹni tí kò bá mọ Ìdànrè lè rò pé ìjà ló dé. Lásìkò kòkó, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òjò ló ń ké, ẹni tó bá sì gbọ́ kò gbọdọ̀ jókòó. Wọn kì í bèèrè pé kòkó ta ni. Obìnrin tó ń dáná á sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gẹ̀ lórí á sáré jáde pẹ̀lú ààbọ̀ irun, àwọn tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ á jọ di etí tapólì kan mú. Ẹni tó bá káwọ́ gbera tí òjò sì pa kòkó ọmọnìkejì lójú rẹ̀, kò ní í rí ẹni kí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Toheeb ti yọ ẹ́písì kúrò létí.

"Ẹ̀gbọ́n, kòkó Màmá!"

"Jókòó! Wà wá kúrò lórí afárá ná!"

"Ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀!"

"Toheeb!"

Ó ti jáde. Gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà dìde, wọ́n tú jáde. Ó ku Olúsànmí nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bàlúù méjì yọ. Ìbọn wà lọ́wọ́ Olúsànmí, ó lè yí i sókè, ó lè yí i sódò, ṣùgbọ́n kò lè mú ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Ó yìn ín. Kò bà wọ́n. Ó tún yìn ín. Ọta wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya pákó afárá, ó ń bọ̀ tààrà, ó gba iwájú ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ kò sí, ó gba ẹ̀yìn. Iná sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin tó wà nídìí ìbọn dìde dúró nínú iná, ó na apá méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là. Ó pẹ́ kó tó ṣubú. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti rí i dájú pé ó pẹ́.

Olúsànmí kò mọ ìgbà tí òun ti àga ṣubú. Nígbà tó dé ìta, ẹ̀fúùfù ti ń gbé páálí, òkùnkùn òjò ti bo àwọn òkè àpáta mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò kò tíì kán. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló wà lórí pèpéle. Toheeb kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ń fi apá méjèèjì gbá kòkó jọ sórí tapólì. Igi gígùn tí wọ́n fi ń yí kòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Olúsànmí fà á yọ.

Ẹ̀yìn Toheeb ló kọ́kọ́ bà. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ sínú kòkó. Kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, igi tún ti dé èjìká rẹ̀, ó tún ti dé orí.

"O sá! O fi mí sílẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?"

"Mo pè ọ́! O gbọ́ o sì sá!"

Toheeb yí padà láti fi ọwọ́ gba orí, igi sì bá a lójú òsì. Ó ké igbe kan tí àwọn tó wà lókè títì gbọ́. Olúsànmí ju igi sílẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́nu. Eyín ya ìka rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Àjàgbé dì í mú láti ẹ̀yìn, Olúsànmí fi ìgúnpá gbá a ní imú, Àjàgbé lọ jókòó lẹ́bàá gọ́tà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Catherine, ìyàwó Olúsànmí, sáré jáde láti ibi tó ti ń ta mínírà, ó fà á ní ṣẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Hannah! Bàbá Hannah, ẹ ti pa á o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi, èmi ni!"

Ó tì í dànù. Kò tilẹ̀ wo ẹni tó jẹ́. Catherine ṣubú lu etí pèpéle, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Olúsànmí ti dìde, ó tún ti mú igi náà, ó ya ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Toheeb, ó gbé igi sókè tagbáratagbára. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé èyí ló máa pa ọmọ náà. Kò sí ẹni tó lè súnmọ́ ọn.

Ìyá Babárìndé ló súnmọ́ ọn. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún, ó ti àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wá, ó sì na ara rẹ̀ lé Toheeb lórí. Gèlè rẹ̀ bọ́. Orí funfun náà ni Olúsànmí rí lábẹ́ igi tó gbé sókè. Ó rọra sọ igi náà kalẹ̀.

Ìgbà náà ni òjò dé. Ó dé pẹ̀lú ìbínú, ó rọ̀ lé gbogbo wọn lórí, ó rọ̀ lé kòkó. Kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Odode nìyẹn, kí òjò máa wọ́ kòkó lọ sínú gọ́tà, kí èèyàn mẹ́jọ sì dúró máa wò ó.

Wọ́n gbé Toheeb wọ abẹ́ ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ òsì ti wú dí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó tu eyín méjì sí i, ó sì ń wò wọ́n. Bó bá mí, ìhà rẹ̀ a máa dún. Olúsànmí jókòó sórí ilẹ̀ lókèèrè sí wọn, igi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń wo ọ̀nà tí yóò fi sọ pé ohun tí òun ṣe kò burú tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá," Àjàgbé wí, ó fi aṣọ iṣẹ́ dí imú. "Géèmù! Torí géèmù! Bí àwọn ará Ìkirè tó wà ní Atosin bá gbọ́, àdá ni wọn ó mú wá. Ọlọ́pàá ló tọ́ sí i."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ọlọ́pàá," ni Ìyá Babárìndé wí.

Èdè Ìdànrè ló ti ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n ó yí i padà sí Yorùbá gbogbogbòò báyìí, ó rọra ń sọ ọ́ kí ọmọ Ìkirè lè gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ti gbé orí Toheeb lé itan, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀.

"Toheeb, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Àmọ́ forí jì í fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ìkà. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fi èèyàn sílẹ̀ ni, ìyẹn ló fi ká a lára. Nígbà tí iná ogun ń jó wọn, tí kálukú ń wá ibi tí yóò sá gbà, òun jókòó, ó gbé Rìndé mi mọ́ àyà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ṣé o gbọ́? Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ì bá ti kú. Òun ni mo fi ń sùn. Nítorí náà, bó bá ṣe ohun tí kò dáa lónìí, wò mí lójú, kí o forí jì í."

Toheeb gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kò pàdé. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ mì.

"Mo ti forí jì wọ́n, Màmá," ó wí. Ó wá fi ojú kan tó kù wá Olúsànmí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Kò yẹ kí n fi yín sílẹ̀ lórí afárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olúsànmí lára ju ohunkóhun tí ogun tíì ṣe fún un lọ. Ó rò pé òun lè gbà á bẹ́ẹ̀. Kó kàn dìde, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ pé ó ti tán, kó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, kí ayé sì máa lọ. Gbogbo wọn ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ó wo eyín méjì tó wà lọ́wọ́ Toheeb, kò sì lè gba ọ̀nà náà.

"Màmá," ó wí. "Kò kú sí àyà mi."

Ìyá náà kò kọ́kọ́ gbójú sókè. "Kí lo wí?"

"Rìndé. Irọ́ ni mo pa fún yín. Bọ́ǹbù àwọn ọ̀tá ba ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ gbiná. Irin ìdí ìbọn wó lé e lẹ́sẹ̀, kò lè fà á yọ. Èmi wà níwájú, kò sí ohun tó ṣe mí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sá."

"Bàbá Hannah," Catherine wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bò ó lẹ́nu.

"Mo sá ni, Catherine. Mo sá wọ inú igbó, mo wà níbẹ̀ títí àwọn ọ̀gá wa fi wá mi rí. Ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ fún wọn. Ohun kan náà ni mo wá sọ nílé."

Òjò ń lu páànù. Ìyá Babárìndé ti dá ọwọ́ dúró lójú Toheeb.

"Ó pè ọ́?"

"Ó pè mí."

"Kí ló ní?"

"Orúkọ mi ni. Sànmí, Sànmí. Kò sọ nǹkan mìíràn."

"O sì gbọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìyá náà mi orí, ó tún mi orí. Ó ṣe bíi pé ó ti tán, ó tẹ́ ìborùn sábẹ́ orí Toheeb, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ọ̀kan tó kù.

"Ṣé ó pẹ́?"

Olúsànmí lè purọ́ síbẹ̀. Irọ́ kékeré ni, àánú sì wà nínú rẹ̀.

"Ó pẹ́," ó wí.

Ìyá Babárìndé fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde. Kò sunkún, kò ké. Ó wo Olúsànmí títí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìkirè wà, ó sì yí ojú kúrò. Gbogbo ohun tó fẹ́ràn lára ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rin ti kúrò lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè rí i.

"Àjàgbé," ó wí, "gbé ọ̀kadà rẹ jáde. Gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ojú rẹ̀ má fọ́. Catherine, ìwọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, dì í mú."

Catherine lọ. Ọwọ́ kan ló fi di Toheeb mú, ìkejì kò ṣeé gbé. Nígbà tí ọ̀kadà gbéra, kò wẹ̀yìn.

Ìyá Babárìndé so ìró rẹ̀ le. Ó bọ́ sínú òjò láìmú agboòrùn, ó kọrí sí ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń rìn lọ ní ẹsẹ̀ lásán lórí kòkó tó fọ́n ká títì. Àwọn tó wà lábẹ́ ìbòòrùn wo Olúsànmí. Ọ̀nà Àkúrẹ́ wà lọ́wọ́ òsì, igbó sì pọ̀ lẹ́yìn àpáta. Kò sí ẹni tó dì í mú.

Ó dìde, ó tẹ̀ lé ìyá náà.

Wọ́n ti kọjá ilé bíi márùn-ún kí ìyá náà tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró, ó yí padà. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì ṣeé mọ̀ bóyá ti òjò nìkan ni.

"Má rìn lẹ́yìn mi," ó wí. "Bọ́ síwájú, níbi tí mo ti lè máa rí ọ."

Olúsànmí kọjá lára rẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó sì rọra ń rìn kí ìyá náà má bàa sáré.